Àga Mẹ́rin fún Ẹni Báǹkì

"Ẹni báǹkì ń bọ̀ wá wo ilé wa lọ́jọ́ Alàmísì." Bí Saïd ọkọ mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì gbéra, ó lọ ra kajú ní Kika. Owó tí a fẹ́ yá ní báǹkì la máa fi ra ilé Tonton Àlúkò, yàrá mẹ́ta nítòsí ojú irin Tchaourou. Tonton ní òun á dúró dè wá títí oṣù á fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn wà nílẹ̀ tó mú owó lọ́wọ́.

Mo wo yàrá tí a háyà. Bẹ́ẹ̀dì kan, àpótí méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nílé bàbá mi, àlejò kì í wọlé kó máa wá ibi tó máa jókòó sí. Àwa tá a fẹ́ ra ilé, a ò ní àga! Mo lọ bá Zakirou tó ń ta àga lójú ọ̀nà Parakou, mo gba mẹ́rin onítìmùtìmù pupa láwìn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sefà lóṣooṣù, ọdún kan gbáko. Mo wá sọ fún Saïd lórí fóònù pé ẹ̀gbọ́n mi ló fi ta wá lọ́rẹ.

Ọjọ́ pé. Madame Yéwándé ti báǹkì wọlé, ó kí wa dáadáa.

"Madame, ẹ jókòó o."

"Merci, màmá. Ìdúró ni mo máa ń ṣe iṣẹ́ yìí."

Ó wo ẹ̀rọ mi, ó wo ìwé àwọn oníbàárà mi, inú rẹ̀ dùn. Àga mẹ́rin, kò sí ìdí kankan tó kàn wọ́n. Ó wá na bébà sí Saïd.

"Bon, ó ku ẹyọ kan. Láti ìgbà tí ẹ ti mú ìwé yín wá, ṣé ẹ ti jẹ gbèsè mìíràn? Tí ẹ ò bá jẹ, ẹ buwọ́ lù ú síbí."

"A ò jẹ gbèsè kankan, Madame." Saïd mú bíìkì ìkọ̀wé.

 Bí mo bá dákẹ́, a ó rílé rà, àmọ́ irọ́ mi á di ti ọkọ mi. Saïd kì í purọ́. Àwọn tó ń ta kajú fún un kì í tún ohun tó bá ti wọ̀n wọ̀n. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Faridath, ẹ má buwọ́ lù ú. Mo jẹ gbèsè. Àwọn àga yìí ni."

Saïd gbé bíìkì sílẹ̀. Madame kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí a má bínú, wọn á tún un ṣírò látìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba oṣù méjì. Mo bẹ Zakirou kó gba àga rẹ̀ padà, ó ní wọ́n ti di tòkunbọ̀. Tonton Àlúkò ò lè dúró oṣù méjì, ó ta ilé náà fún ẹni tó mú owó lọ́wọ́.

Saïd ò bá mi jà. Ohun tó sọ ò ju, "Ìyá Faridath, ò bá ti sọ fún mi" lọ. Ó dùn mí ju kó pariwo lọ.

Ní báyìí, iwájú ilé yẹn ni mò ń gbà tí mo bá ń lọ san owó Zakirou. Obìnrin tó wà níbẹ̀ máa ń kí mi, á ní kí n yà wá jókòó. Orí ẹní ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wà. Wọn ò tíì ra àga kankan.