Awọ Tí Kò Kárí

Òfin kan wà ní yàrá ìwádìí ilé ìwòsàn tí obìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́: ẹni tí ẹ̀yà ara ìbátan rẹ̀ bá wà nínú àwo ìwádìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwo náà. Ọ̀gá rẹ̀ bi í bóyá ó mọ télọ̀ tí iná jó tí wọ́n ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Irọ́ gbuu ni. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà, kò sì fẹ́ fi í lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Iná ti bó àyà àti ọwọ́ ọkùnrin náà méjèèjì. Awọ tí dókítà gé nítan rẹ̀ kò ju èékánná àtàńpàkò lọ. Obìnrin yìí tú u sí sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́, ó rọ omi oúnjẹ lé wọn lórí, ó kó wọn sínú àpótí tó ń móoru bí ara èèyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti pọ̀ sí i títí wọ́n á fi di awọ tuntun. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì kì í ṣàdédé pín. Á kọ́kọ́ jẹun, á sanra. Á ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó jogún, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ fò. Á tún yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, bó bá rí àléébù, á dúró tún un ṣe. Ìgbà náà ni ọ̀kan á tó di méjì. Bí òtútù bá bá a lẹ́nu ìmúra yìí, á ṣíwọ́, kò sì ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ó mọ gbogbo èyí. Òun ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Ká ní awọ ẹlòmíì ni, ì bá ti ilẹ̀kùn àpótí, kó lọ wá nǹkan jẹ. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kò ní tíì jókòó dáadáa tí á fi dìde, á ṣí àpótí, á gbé àwo sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, á máa wò wọ́n bí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, ẹ má bú u. Àpótí ni kò mọ ìyẹn; bó bá ti ṣí i, òtútù á wọlé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló pín. Ìyókù ṣáà dúró.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, awọ tó jáde kò ju ti àyà lọ. Dókítà ní kí àwọn kọ́kọ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Ọwọ́ méjèèjì jinná fúnra wọn, wọ́n sì kákò. Télọ̀ ò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́.

Obìnrin náà jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Ìyẹn ò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo láti lọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rò ó fún un láìfi ohunkóhun pa mọ́.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tó kákò. "Àǹtí mi, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń ṣí i lójúmọ́?"

"Ó máa ń tó ogún."

"Ká ní ẹlòmíì ni wọ́n gbé e fún ńkọ́?"

Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó dáhùn. "Ọwọ́ rẹ ì bá ṣì ṣeé lò."

Àbúrò rẹ̀ kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, òǹgbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́, ó yíjú padà. Ife omi wà lórí tábìlì. Ó wo ife náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún wo ife. Ó pẹ́ kó tó lanu. Obìnrin náà gbé omi sí i lẹ́nu, ó sì mu ún tán.