Àwọn Àgbà Èèrà Ẹnu Ibodè

Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n sinmi. Ó ti ń wí i tipẹ́, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn ó ní tó bá di Sátidé, òun á mú àwọn tó máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá. Ó ti bá ẹni tó máa rà á sọ̀rọ̀ kó tó bá èmi tí mo ni ín sọ̀rọ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ọmọ ọmọ mi yìí, obìnrin tí mò ń pè ní Ìyá Èèrà, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi. Èèrà ló ń kọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, àwọn èèrà pupa tó ń lẹ ewé pọ̀ kọ́lé sórí igi. Igi ńlá ẹ̀yìnkùlé wa kún fún ilé wọn. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ fi ọ̀dà sàmì sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ inú wọn, kó lè mọ ibi tí wọ́n máa dàgbà sí. Ó ń tẹ̀ wọ́n pa. Mo gba koríko tó fi ń kùn wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láti ìgbà ọmọge, kí ni ẹ̀yìn èèrà máa fi ṣe é? Èmi ni mo kun gbogbo wọn ní ọ̀dà búlúù, wọ́n sì gé mi jẹ dáadáa.

Oṣù gorí oṣù. Àwọn alámì mi wà láàárín igi, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ. Ọjọ́ kejì tí baba rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ Sátidé lọ̀ mí, a wá wọn tì níbẹ̀. Ilé kan tó dá wà ní ìparí ẹ̀ka, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó pààlà àwa àti aládùúgbò, la ti bá wọn, àgbàlagbà nìkan, kò sí ọmọ kankan.

"Wọ́n ti lé wọn jáde! Wọ́n ní kí wọ́n lọ sinmi! Ohun tí baba ẹ fẹ́ ṣe fún mi gan-an nìyí."

"Ìyá àgbà, ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ó lọ já ewé kan lórí igi aládùúgbò, tòun ti àwọn èèrà ibẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀ka náà. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn alámì mi ti tú jáde. Wọ́n di àwọn àlejò náà lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n nà wọ́n bí ẹni ń na aṣọ, ẹyọ kan ò kọjá. Lọ́hùn-ún, láàárín igi, àwọn ọ̀dọ́ ń tọ́jú ọmọ lọ, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ogun dé.

"Àwọn àgbà ni wọ́n ń fi sẹ́nu ibodè," ni Ìyá Èèrà wí.

Mo pàtẹ́wọ́. Àgbà ò sí nílùú, ìlú bàjẹ́. Èèrà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀! Orí mi wú, àfi bíi pé èmi ni mo bí wọn.

Ní Sátidé, ọmọ mi dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tó ní kí n máa ránṣọ sí kí àlejò má baà rí mi, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí títì, mo dúró níwájú wọn.

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbí."

"Màmá, ẹ ti dàgbà."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ wà níwájú."

Àwọn ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, wọ́n wo tèmi, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ mi béèrè pé kí ni mo tún fẹ́ rán lọ́jọ́ orí mi yìí. Mo wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tó ti tú, mo ní kó bọ́ ọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ wo ibi tó tú náà. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ, ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbé ṣòkòtò náà fún mi.