Òdo Mẹ́jọ

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ òdo mẹ́jọ náà. Lọ́dún tó kọjá, àṣẹ ìlò ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ físíìsì tán láàárín sáà, gbogbo kọ̀ǹpútà méjìlá inú yàrá sáyẹ́ǹsì wa sì ń wò wá bí ẹni pé wọn ò mọ̀ wá rí. Ọ̀gá àgbà ní kí àwọn ọmọ tó bá ní ètò náà nílé lọ ṣe é nílé, kí n fún àwọn tó kù ní òdo.

"Ìlànà ni, tíṣà," ni wọ́n wí. "Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Ọmọ mẹ́jọ. Mo kọ ọ́, mo ti ìwé máàkì pa.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò le. Ọmọ kan á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, èkejì á fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ètò náà á wá máa tọpa bọ́ọ̀lù láti àwòrán kan sí òmíràn, á ya gíráàfù, ọmọ á sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé lọ́dún yìí, ọmọ káfíńtà kan nawọ́ sókè. Ṣé-ó-dájú là ń pe ọmọbìnrin náà, torí pé kò sóhun tẹ́ ẹ máa sọ tí kò ní bi yín bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwa tá ò ní kọ̀ǹpútà nílé, ṣé ó dájú pé òdo náà la máa gbà?"

Inú bí mi gan-an. Kì í ṣe sí ọmọ náà o. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ jáde, mo gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó kó síkúrù wẹ́wẹ́ sínú ìdérí ife, ó tẹ orí mọ́ iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gba ẹ̀yìnkùlé ṣí ètò físíìsì yìí, ká má sanwó."

"Olè lo fẹ́ kí n bá ẹ jà? Nígbà tí ọ̀fẹ́ wà?"

"Ọ̀fẹ́ inú pàkúté eku nìkan ni mo mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Jókòó. Ká wo èyí tó jẹ́ pàkúté, ká wo èyí tí kì í ṣe."

Ìpolówó bàtà gba ìdajì ojú ètò ọ̀fẹ́ èkíní tá a ṣí, a ò rí bọ́ọ̀lù mọ́. Èkejì ní ọ̀fẹ́ lòun, àmọ́ lẹ́tà tó kéré bí ẹyin èèrà sọ nísàlẹ̀ pé ọjọ́ méje péré ni. Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé. "Ẹni tó bu oúnjẹ fún ẹ, tó tún já ṣíbí gbà." Àwọn tíṣà bíi tèmi ló ṣe ẹ̀kẹta. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó dà á kọ, kó sì fún ẹlòmíràn. Orí kọ̀ǹpútà tó gbó jù nínú ṣọ́ọ̀bù ló ti ṣí.

Mi ò tíì gbà. Mo wá fídíò kan tí mo ti fi ètò olówó ńlá yẹn ṣe rí. 9.79 ló fún mi nígbà yẹn fún bí ilẹ̀ ṣe ń fa bọ́ọ̀lù mọ́ra. Èyí fún mi ní 9.78. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju èyí tó ń wá láti ibi tí mo bá ti fi ọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù lójú kọ̀ǹpútà lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni inú tó ń bí mi wá di ìlọ́po méjì. Ohun yìí ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ òdo! Mi ò wá a ni.

Mo kó ètò náà sórí kọ̀ǹpútà méjèèjìlá ilé ẹ̀kọ́ wa, gbogbo ọmọ kíláàsì sì parí iṣẹ́ wọn. Nígbà tó yá, olùyẹ̀wò láti àjọ ìdánwò dé. Ó ṣí iṣẹ́ Ṣé-ó-dájú, ó wá àmì ètò tó mọ̀ lórí gíráàfù, kò rí i. Ó ṣí bírò pupa.

"Irinṣẹ́ tí ìlànà fọwọ́ sí kọ́ nìyí."

"Ìdáhùn ẹ̀ ńkọ́ sà? Ṣé kò tọ̀nà ni?"

"Ìyẹn kọ́ là ń wí. Ohun ọ̀fẹ́ ò ṣeé fọkàn tán."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ibi tí ìlànà ti sọ bẹ́ẹ̀ hàn mí."

Ó ṣí ìwé ìlànà pẹ̀lú ìbínú. "Irinṣẹ́ tó bá iṣẹ́ mu" ló wà níbẹ̀, kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ètò olówó yẹn wà lórí bébà dídán kan tí wọ́n fi pín-ìn-nì kàn mọ́ ẹ̀yìn ojú ìwé ọ̀hún. Ṣé-ó-dájú, tó wà nídùúró láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, na ọrùn wò ó.

"Sà, nọ́ńbà téèyàn lè pè tó bá fẹ́ rà á ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ṣé ó dájú pé ìlànà ni?"

Ọ̀gá àgbà, tí wọ́n mú olùyẹ̀wò wá, gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà.

"Ìwé ìpolówó!" Ohùn mi ti lọ sókè, mi ò sì rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. "Ìwé ìpolówó ọjà lẹ fi ń ṣòfin fún ọmọ ọlọ́mọ! Nínú gbogbo wa tá a kàwé yìí, kò sẹ́ni tó kà á!"

"Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n kó o fún mi," ni olùyẹ̀wò wí, ó dé bírò rẹ̀. Ó fún àwọn ọmọ ní máàkì wọn.

"Àwọn mẹ́jọ tọdún tó kọjá ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kọjá, mà."

"Kò tíì kọjá lára wọn."

Mo kọ lẹ́tà sí àjọ ìdánwò, mo fi ẹ̀dà bébà dídán náà sí i. Ọ̀gá àgbà kò fẹ́ fọwọ́ sí i, àfìgbà tí mo ní màá kà á sétí ìpàdé àwọn òbí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí èsì tó dé: kí àwọn ọmọ náà wá tún iṣẹ́ wọn ṣe. Mẹ́fà wá, wọ́n sì yege. Ẹnì kan ti bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ, a ò rí i títí di òní. Ẹni kẹjọ ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Mo wá a lọ. Ó ń ṣe ojú bọ́tìnnì sára ṣẹ́ẹ̀tì, ó dìde nígbà tó rí mi.

"Òdo tí mo fún ẹ yẹn, kò tọ́ sí ẹ," ni mo wí. "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Má bínú."

Ó ń fi ìka yí òwú. "Mà, mo ti sọ fún gbogbo ilé wa pé mi ò mọ físíìsì."

"O mọ̀ ọ́n."

"Ta ló máa wá sọ fún wọn?"

Mo jókòó sórí àpótí, mo dúró dè é títí ọ̀gá rẹ̀ fi ní kó máa lọ ní aago mẹ́rin. A jọ gba ọ̀nà ilé wọn.