Ìbọn Kì í Yíjú Kí Àgbà

Nígbà tí Adéṣínà yíjú padà láti kí àgbàlagbà tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ìbọn ọwọ́ rẹ̀ bá a yíjú. Lójú ẹsẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin dojú bolẹ̀ nínú ilé ìyìnbọn kan ní Harburg, nílùú Hamburg ti Germany. Ká má parọ́, inú Adéṣínà kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Ó rò pé ìdọ̀bálẹ̀ ni.

"Ẹnu ìbọn síwájú!" ni Standaufsicht, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ayìnbọn, ké láti orí ilẹ̀ tó sùn sí.

Adéṣínà yí padà kíá, ó gbé ìbọn náà sórí tábìlì, òógùn sì bò ó. Herr Petersen ni àgbàlagbà tó fẹ́ kí, ẹni ọgọ́rin ọdún, òun gan-an ló sì ni ìbọn tí Adéṣínà wá rà. Petersen nìkan ni kò dojú bolẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un.

"Ọta mélòó ló kù nínú rẹ̀?" ni Petersen bi í.

"Méjì, sà."

"Ikùn mi lẹ sì na àwọn méjèèjì sí."

"Ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí yín ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà, a kì í kẹ̀yìn sí àgbà."

"Níbí, àgbà gan-an ló yẹ kí ẹ kẹ̀yìn sí." Petersen yọ ọta méjèèjì, ó fi aṣọ nu ìbọn náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ. "Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Bí ẹ bá tún yíjú, ọkùnrin kan ní Lübeck ń dúró láti rà á."

Ìbọn ìléwọ́ náà ti wà láyé kí wọ́n tó bí bàbá Adéṣínà. Ó kéré, ó dúdú, ọwọ́ ènìyàn sì ti pa igi ìdí rẹ̀ dán. Ọta mẹ́fà ló ń wọ inú àgbá rẹ̀ tó ń yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju orí ìka lọ. Òòlù rẹ̀ kì í lu àárín ìdí ọta bíi ti àwọn ìbọn ńlá. Etí ìdí rẹ̀ ló ń lù. Láti ọjọ́ tí Adéṣínà ti rí àwòrán rẹ̀ ni oorun rẹ̀ ti dínkù. Ó ti wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn ní Spandau, àdúgbò tó ń gbé ní Berlin, ó ti ṣe ìdánwò, ó ti gba Waffenbesitzkarte, ìwé àṣẹ ìbọn, ó sì ti ra àpótí irin tó wúwo débi pé àwọn tó gbé e wá kò kí i kí wọ́n tó lọ.

Kò dúró níbẹ̀. Ó ra jákẹ́ẹ̀tì tí àpò rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ní láti kó sí i lọ. Ó ra awò ojú aláwọ̀ ìyeyè. Lórí WhatsApp àwọn tí wọ́n jọ ka ìwé girama, ó kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọdẹ ń bẹ lára òun, pé fọ́tò ń bọ̀ lọ́nà. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ sì ni bàbá bàbá rẹ̀ ń tà. Ẹranko kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni pa nínú ilé wọn ni eku kan, ìyá rẹ̀ ló sì fi ọmọ odó pa á.

Nígbà tó dé ilé ní Spandau, bàbá ìyàwó rẹ̀ ti jókòó dè é. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá Dúródọlá. Láti Iléṣà ni wọ́n ti wá kí ọmọ wọn, wọ́n sì ń retí pé kí gbogbo ilé dìde bí wọ́n bá wúkọ́.

"Ìbọn náà dà?"

"Wọ́n ní kí n padà wá, sà. Bí mo ṣe ń yìn ín yà wọ́n lẹ́nu."

Kò parọ́.

"A jẹ́ pé èmi náà á bá ọ lọ," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo máa ya fọ́tò tí o ń sọ yẹn fúnra mi."

Bímbọ́lá, ìyàwó rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ó pè é sí ilé ìdáná, ó ti ìlẹ̀kùn, kò sì pẹ́ tí òótọ́ fi jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Lẹ́yìn náà, ó fi orógùn lé e lọ́wọ́, ó ní kó nà án sí fíríìjì. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́ àlùbọ́sà lọ.

"Adéṣínà."

Ó yíjú.

"O ti pa mí. Padà síbi tí o wà."

Ó padà.

"Olówó orí mi."

Ó tún yíjú, ẹ̀rín ti bò ó lójú.

"O tún pa mí. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, àlùbọ́sà yìí ò sì tíì tán."

Alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Nígbà tó yá, Bímbọ́lá lè kì í lóríkì, kó fi ìdérí ìkòkò lu ògiri, kó ní ilé ń jó, Adéṣínà á dúró gbagidi bí òpó iná, orógùn á sì dojú kọ fíríìjì.

"Ó ku Bàbá mi," ni Bímbọ́lá wí. "Sọ fún wọn kí wọ́n má pè ọ́."

"Màá sọ."

Kò sọ. Tó bá sọ ọ́, yóò sọ ìdí rẹ̀, ẹni tó sì ti ní òun ya àwọn òyìnbó lẹ́nu kì í fẹ́ tún padà wá sọ pé ẹ̀mí wọn ni òun fẹ́ẹ́ gbà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gba àdúgbò Gesundbrunnen lọ gẹrun nítorí fọ́tò. Onígbàjámọ̀ náà gé iwájú orí rẹ̀ gún bíi pé rúlà ló fi fà á. Adéṣínà yẹ iwájú náà wò nínú dígí, ó ní ó ti tó.

Ọjọ́ pé. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Hamburg, wọ́n bọ́ sínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ó di Harburg. Wọ́n fi ohun ìdití lé Bàbá lórí fìlà, wọ́n fún wọn ní àga lẹ́yìn. Petersen fi ara ti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Adéṣínà ki ọta mẹ́fà sínú ìbọn. Ó na ọwọ́, ó mí, ó fà á.

Tá.

Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n fi òkúta pa lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ara Adéṣínà ló gbọ́ ọ. Ihò kan yọ létí ojú dúdú pátákó tó ń yìn ín sí. Tá. Èkejì wọlé. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú ihò kan náà. Ó gbàgbé jákẹ́ẹ̀tì, ó gbàgbé WhatsApp, ó gbàgbé pé òun ní ojú tó yẹ kí ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá Dúródọlá kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sẹ́yìn ènìyàn kí ẹni náà má sì kí wọn. Wọ́n ya fọ́tò kan, wọ́n yọ ohun ìdití.

"Adéṣínà. Yíjú síbí kí n rí ọ yà."

Orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀ kí ó tó rántí. Ìbọn náà kò kúrò níbi tó wà.

"Adéṣínà. Èmi ni mò ń pè ọ́."

"Sà," ló dáhùn, pátákó ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ó ku méjì."

"Méjì kí ni? Ìpàkọ́ ni àna mi fi ń dá mi lóhùn?"

Petersen kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn. Kò wo Bàbá, kò wo Adéṣínà. Ẹnu ìbọn nìkan ló ń wò.

Adéṣínà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ṣáájú òun dé Iléṣà, kí wọ́n fi jókòó ìpàdé ẹbí. Ó mọ̀ pé ọkùnrin Lübeck ṣì ń dúró de ìbọn náà. Ìpàkọ́ rẹ̀ ń yún un bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Ó mí, ó fà á. Tá. Àga ha ilẹ̀ gbàràrà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ti dìde. Tá.

Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ àgbá náà, ó ti èèpo ọta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo inú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó gbé ìbọn kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ síwájú. Standaufsicht wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ìgbà yẹn ni Adéṣínà fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, tó yíjú, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀, tòun ti jákẹ́ẹ̀tì ọlọ́pọ̀ àpò, sórí èèpo ọta àná.

Standaufsicht rò pé ó dákú ni, ó ń wá fóònù.

Petersen bú sẹ́rìn-ín. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ sọ fún Bàbá pé, "Ó kí èmi náà nígbà tó wá lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbí ló dọ̀bálẹ̀ fún un."

Bàbá wo àna wọn nílẹ̀.

"O ní bí o ṣe ń yìn ín yà wọ́n lẹ́nu."

"Ó yà wọ́n lẹ́nu lóòótọ́, sà."

Ètè Bàbá ń gbọ̀n. Wọ́n ń mú ẹ̀rín mọ́ra. "Dìde. O ti bá wọn gbálẹ̀ tó."

Petersen ti ìbọn náà mọ́ inú àpótí rẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Adéṣínà. "Ẹni tó lè kẹ̀yìn sí bàbá yìí nígbà tí inú ń bí wọn," ló wí, "ìbọn mi ti rílé."

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń padà sí Berlin, àpótí náà wà ní títì lẹ́sẹ̀ Adéṣínà. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò kan kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó ń rẹ́rìn-ín sójú fèrèsé.

"Bàbá, fọ́tò yẹn ńkọ́, sà?"

Bàbá na fóònù sí i. Ohun ìdití wà nínú rẹ̀, apá tó nà gún régé wà níbẹ̀, pátákó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ní àárín gbogbo rẹ̀ ni ìpàkọ́ ńlá kan wà, pẹ̀lú ìdì irun tí onígbàjámọ̀ Gesundbrunnen gbàgbé sórí rẹ̀.

"Ojú mi dà, sà?"

"Mo ní kí o yíjú, o kọ̀." Bàbá fa fìlà bo ojú láti sùn. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Mo ti bá ọ rí tìrẹ. Ó dúró dáadáa."

Adéṣínà wo fọ́tò náà pẹ́. Kò tíì rí ibẹ̀ yẹn lára ara rẹ̀ rí. Ó ṣí WhatsApp, níbi tó ti kọ "Ọmọ ọdẹ kì í tàsé" sílẹ̀ láti àná. Ó pa á rẹ́. Bímbọ́lá nìkan ló fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí.

Èsì dé kí wọ́n tó wọ Spandau.

"Olówó orí mi, o lè yíjú padà wàyí. Oúnjẹ ti délẹ̀."