Oúnjẹ Adúmáadán

Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ sì ti gún wọn níka débi pé wọn kì í dún mọ́ tó bá gún wọn. Bàbá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Màṣíìnì kejì nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni tèmi, sípù àti bọ́tìnnì sì ni iṣẹ́ mi. Ẹnìkẹta wa kò níṣẹ́ méjì ju kí ó sùn sórí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lọ. Adúmáadán ni orúkọ rẹ̀, ológbò dúdú tó ń dán bí bàtà tuntun.

Màmá mi ló gbé e wálé nígbà tí kò tíì ju ìkúùkù lọ. Nígbà tí Màmá kú, ológbò yìí nìkan ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n á wọn ẹsẹ̀ sòkòtò tán, wọ́n á yíjú sí i: "Adúmáadán, ṣé kò gùn jù?" Tó bá ti pajú, a jẹ́ pé kò gùn jù nìyẹn, a ó sì gé e bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá, Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Yóò mu ti inú abọ́ rẹ̀ tán, yóò tún kọjú sí abọ́ omi tí a fi ń wọ́n aṣọ kí a tó lọ̀ ọ́. Ó ń jẹun bí alágbàro, síbẹ̀ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ síta. Ìtọ̀ wá di nǹkan tí kò lè mú mọ́ra. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, orí sòkòtò ọkọ ìyàwó kan tó ń gbéyàwó lọ́jọ́ kejì ló tọ̀ sí. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà dé, ó gbé sòkòtò sún mọ́ imú.

"Lọ́fínńdà wo lẹ fi sí i?"

"Tiwa nìyẹn," ni Bàbá wí. "A kì í tà á."

Ó dúpẹ́, ó lọ gbéyàwó rẹ̀. Bí ó ti jáde báyìí ni Bàbá gbé Adúmáadán sínú agbọ̀n, a sì gba ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lọ.

Dókítà náà kò dàgbà jù mí lọ, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Ó gún etí ológbò díẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sára ẹ̀rọ kékeré kan, ó sì wojú Bàbá.

"Bàbá, àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é."

"Àtọ̀gbẹ tí èèyàn ń ní yìí?"

"Òun náà ni. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ óò máa fún un ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ó sì yí oúnjẹ rẹ̀ padà."

Ó mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan jáde, ó ní kí Bàbá dán an wò. Bàbá wo abẹ́rẹ́, wọ́n wo ológbò, òógùn sì bò wọ́n.

"Ẹ̀yin Bàbá Abẹ́rẹ́?" ni mo wí.

"Aṣọ ni mò ń gún. Aṣọ kì í wo èèyàn lójú."

Èmi ni mo gba abẹ́rẹ́ náà. Adúmáadán kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wọ òun lára. Bàbá ló ké "yéè."

Dókítà wá kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó ní kí a máa dín oúnjẹ gbígbẹ wóróbo tó ń jẹ kù, nítorí ìyẹ̀fun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ológbò kì í ṣe ewúrẹ́, ẹran ni wọ́n dá a mọ́. Oúnjẹ rírọ̀ inú agolo ló yẹ ẹ́. Ó gbé agolo kan kalẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ológbò alátọ̀gbẹ. Bàbá béèrè iye rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n rọra gbé agolo náà padà sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin.

"Ọmọ mi, ṣé ológbò ló ń jẹ eléyìí, àbí ọba ológbò?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Kò pọn dandan kó jẹ́ eléyìí. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá, èyí tí kò wọ́n tó sì bá a mu wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn agolo ni kí ẹ máa kà, ẹ má wo iwájú. Ẹran ni kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Tí ẹ bá ti rí ìrẹsì, àgbàdo, àlìkámà tàbí ànàmọ́, ẹ dá a padà sáyè rẹ̀. Ẹ má mú olómi kíki tó ń dán, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń mú un ki. Èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná ni kí ẹ wá. Tó bá ti ń jẹ ẹ́ dáadáa, ẹ pè mí kí ẹ tó yí i padà tán, nítorí abẹ́rẹ́ tó tó o lónìí lè pọ̀ jù fún un nígbà náà."

Bàbá ní àwọn gbọ́.

Mi ò sí níbi tí wọ́n ti ra oúnjẹ ọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ti sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Ibi tó dọ́gba ni pé Bàbá dúró níwájú àtẹ oúnjẹ ológbò, agolo lọ súà, lẹ́tà ẹ̀yìn wọn sì wẹ́ bí ẹyin iná orí. Bàbá gbé agolo kan jìnnà sójú, wọ́n fà á sún mọ́, wọ́n tún nà án jìnnà. Obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti ń wò wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin náà wí, "tí ẹ bá tún nà án síwájú díẹ̀, ọwọ́ yín ò ní gùn tó mọ́."

Gíláàsì ojú ni obìnrin yìí ń tà ní òpópónà kejì sí wa. Ìyá Onígíláàsì ni wọ́n ń pè wọ́n, opó ni wọ́n, wọn kì í sì í rìn láìní gíláàsì mẹ́ta mẹ́rin nínú báàgì. Wọ́n yọ ọ̀kan fún Bàbá.

"Ojú olójú ò jọ ojú ẹni, ṣùgbọ́n fún ti òní, ẹ yá a lò."

Bàbá gbé e wọ̀, ayé sì mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Agolo kan ya àwòrán màlúù ńlá síwájú. Nígbà tí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀, àlìkámà ló ṣáájú, ànàmọ́ tẹ̀ lé e, màlúù wá wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Màlúù yìí kàn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọjá ni," ni Ìyá Onígíláàsì wí. "Kò wọnú ọbẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù fi wá wò bóyá ara wọn le. Nígbà tí Bàbá délé, agolo mẹ́ta ni wọ́n gbé wá, gíláàsì pupa tó ní òkúta dídán lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì wà lójú wọn.

"Bàbá, gíláàsì ta nìyí?"

"Ti ọ̀rẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Adúmáadán kò mọ̀ pé ìdí òun ni gbogbo wàhálà yìí. Ó gbóòórùn agolo àkọ́kọ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ yí i ká, bí ó ti máa ń ṣe tó bá fẹ́ bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀. Ó pọ́n agolo kejì lá lẹ́ẹ̀kan, ó lọ jókòó sórí kóòtù oníkóòtù. Ó lá omi agolo kẹta, ó fi ẹran sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Bàbá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ológbò, téèpù lọ́rùn, wọ́n ní, "Adúmáadán, nítorí Ọlọ́run, bù ú lẹ́ẹ̀kan." Adúmáadán kọ̀yìn sí wọn.

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Onígíláàsì dé. Wọ́n ní gíláàsì àwọn ni àwọn wá gbà, ṣùgbọ́n orí ológbò lọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀.

"Aláìsàn wa ńkọ́?"

Bàbá ròyìn. Ìyá fọwọ́ kan oúnjẹ inú àwo. "Ó tutù nini. Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá dédé gba oúnjẹ tó ti mọ́ yín lára lọ́wọ́ yín, tí wọ́n gbé òmíràn tó tutù báyìí ka iwájú yín, ṣé ẹ óò jẹ ẹ́?"

"Mi ò ní jẹ ẹ́," ni Bàbá jẹ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ kí a fi pẹ̀lẹ́tù mú un. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Wọ́n jọ padà sí ṣọ́ọ̀bù ńlá náà. Nísàlẹ̀ àtẹ pátápátá ni wọ́n ti rí agolo kan tí kò ní àwòrán kankan lára, bí ẹni pé ojú ń ti àwọn tó ṣe é. Ẹran adìyẹ àti ẹ̀dọ̀ ló ṣáájú lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìyẹ̀fun, kò sí ìrẹsì, owó rẹ̀ kò sì lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n padà dé, Ìyá gbé ẹran náà sínú abọ́, wọ́n gbé abọ́ lé orí omi gbígbóná títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n wá fọ́ oúnjẹ gbígbẹ díẹ̀ sójú rẹ̀ kí imú Adúmáadán lè rí ohun tó mọ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró bí àwọn tó ń retí èsì ìdánwò. Adúmáadán gbóòórùn rẹ̀. Ó wo Bàbá. Ó tọ́ ọ wò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ débi tí àwo ń sún nílẹ̀ láti ẹ̀bá màṣíìnì dé ẹnu ilẹ̀kùn, òun náà ń tẹ̀ lé e. Bàbá jó. Èmi tí mo ti ń bá wọn gbé láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mi ò mọ̀ pé wọ́n lè jó bẹ́ẹ̀. Ìyá Onígíláàsì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀nà tí Ìyá Onígíláàsì bá ń lọ ni ó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá. À ń dín oúnjẹ gbígbẹ kù, ara Adúmáadán ń bọ̀ sípò, a kì í sì í ra ju agolo aláìláwòrán náà lọ mọ́. Nínú ayọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rántí pe dókítà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ìyá Onígíláàsì wà lọ́dọ̀ wa, Adúmáadán sọ̀kalẹ̀ lórí tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ́ lu ara wọn bí ti ọ̀mùtí, ó sì ṣubú lulẹ̀. Bàbá gbé e mọ́ra. "Má ṣe báyìí sí mi," ni wọ́n ń wí, "má ṣe báyìí." Mo pe dókítà, ó ní kí a fi oyin pa á lérìgì kí a sì máa bọ̀ kíákíá. Ìyá Onígíláàsì ló fi ìka bu oyin, wọ́n ń pa á mọ́ ọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, títí tí a fi wọ ọkọ̀. Kí a tó dé ibẹ̀, Adúmáadán ti la ojú, ó ti ń lá ìka Ìyá. Bàbá di ọwọ́ kejì Ìyá mú, Ìyá kò sì gbà á padà.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ ti yí oúnjẹ rẹ̀ padà tán?"

"Ó ti ṣe díẹ̀," ni Bàbá wí.

"Ẹ ò sì pè mí."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wolẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Dókítà wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọpẹ́lọpẹ́ oyin. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ìròyìn ayọ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Oúnjẹ tí ẹ yàn yìí bá a lára mu ju bí mo ti rò lọ. Ara rẹ̀ ti ń padà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló wá pọ̀ jù fún un."

Ó dín abẹ́rẹ́ kù. Nígbà tó yá, ó tún un dín. À ń pè é báyìí débi pé ó ní kí a jọ̀wọ́ máa jẹ́ kí òun jẹun ọ̀sán. Ó wá di ọjọ́ kan tó wo ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó ní, "Ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná. Oúnjẹ yẹn nìkan ni kí ẹ tẹra mọ́, kí ẹ sì máa gbé e wá kí n máa wò ó."

Ẹsẹ̀ ni Bàbá àti Ìyá Onígíláàsì fi rìn bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà. Ìyá ló gbé agbọ̀n. Láàárín títì, Bàbá dúró.

"Ológbò ti yá," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní sí ohun tí yóò máa mú yín wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Ṣé ẹ ò ní kúkú wá máa gbé níbẹ̀?"

Ìyá na agbọ̀n sí wọn. "Ẹ kọ́kọ́ gba agbọ̀n yìí lọ́wọ́ mi ná. Ọ̀rọ̀ báyìí, ó yẹ kí ọwọ́ èèyàn dilẹ̀ kó tó dáhùn."

Bàbá gba agbọ̀n. Ìyá sì ní ó dára.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá pè mí jókòó, wọ́n tún kọ́là ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ tuntun. "Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi tó ọ létí," ni wọ́n wí.

"Gbogbo àdúgbò ti mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ kẹ́yìn."

Ní báyìí, ìdajì fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wa ti di ti gíláàsì. Ẹni tó bá wá gé ẹsẹ̀ sòkòtò a gbé gíláàsì lọ. Ẹni tó wá ra gíláàsì a ríran kedere pé bọ́tìnnì òun ti já, yóò sì bọ́ ẹ̀wù fún mi. Adúmáadán ti sanra padà, ó sanra kọjá ibi tí dókítà fẹ́. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ wọn láti ìdí màṣíìnì mi.

"Ẹ ti bù ú jù," ni ohùn Ìyá máa ń wí.

"Ìwọ̀n tí dókítà wí náà ni mo bù."

"Ṣíbí yín ló tóbi, Bàbá Abẹ́rẹ́."

"Gíláàsì yín ló ń mú nǹkan tóbi, Ìyá."

Wọ́n á wá jọ máa rẹ́rìn-ín, Adúmáadán á sì ti jẹ ẹ́ tán.