Ọ̀rá Tó Fi Ọ̀nà Ọ̀fun Ṣelé

Eegun ẹja ni Àlàájà Alimat pè é. Kò tíì pẹ́ tó ti Ìbàdàn dé sí Seat Pleasant ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, láti wá wẹ ọmọ tí Bísọ́lá ọmọ rẹ̀ bí, tí nǹkan fi ń há a lọ́fun. Ó ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é nílé: ó ń gbé òkèlè ẹ̀bà ràgàjì mì láìjẹ ẹ́, kó lè ti eegun lọ. Kò lọ. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí á há, ló bá di pé orí àga ló ń sùn sí, tó ń hanrun bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"Kó gbé mi lé òṣùwọ̀n, kí òṣùwọ̀n fọ́?"

Ẹ̀rín ló fi bo ẹ̀rù. Bí wọ́n bá ní ara rẹ̀ ò yá, wọn á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló tún kù tó lè ṣe níbí? Kò lè wakọ̀, kò gbọ́ èdè wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó tẹ̀ sórí bàsíà láti fi ife bomi sí Tẹ́ní ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí. Nǹkan ọ̀hún yẹ̀, ó dí ọ̀nà èémí pátápátá. Ó yanu, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ rọ, ọmọ yọ̀ bọ́ sínú omi.

Ìró ife tó já bọ́ ni Bísọ́lá gbọ́ tó fi sáré wọlé. Ó fa ọmọ yọ. Ọmọ wúkọ́, ó ké. Àlàájà náà wúkọ́, nǹkan ọ̀hún yẹ̀ padà, èémí wọlé.

Nílé ìwòsàn ní Cheverly, dókítà ní kì í ṣe eegun, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀rá lásán ni, ó gùn tó ìka, ó ń rọ̀ dirodiro lẹ́nu ọ̀nà èémí.

"Ọ̀rá?" Àlàájà ní. "Gbogbo ìdí tí mo gbé wá láti Ìbàdàn, kò rí ibẹ̀ jókòó sí?"

Bísọ́lá ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gé e kúrò. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Àlàájà fi ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, tí èémí ń wọlé tó ń jáde geere. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé omi kaná, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, ó nawọ́ gba ọmọ.

"Ẹ jókòó, Màámi. Ẹ sinmi. Màá wẹ̀ ẹ́."

"Wọ́n ti yọ ọ́, Bísọ́lá."

"Mo mọ̀, mà."

"Ta ló wẹ ìwọ fúnra rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Bísọ́lá gbé ọmọ kọjá, ó ti ilẹ̀kùn. Àlàájà dúró síta tòun ti aṣọ ìnura. Ó ń gbọ́ omi tí Bísọ́lá ń bu díẹ̀díẹ̀. A kì í wẹ ọmọ báyẹn. A máa ń fà á lápá, a máa ń fà á lẹ́sẹ̀. Ó ní èémí tó tó láti fi sọ ọ́. Kò sọ ọ́.