Àmín Tó Ṣáájú Ìpinnu

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Islamiat sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Èkó ní Challenge, n'Ìbàdàn. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síbẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ìdájí ló ti jáde, ilé àyágbé ló lọ wò ní Èkó, gbogbo ohun tó sì rí níbẹ̀ ló gbé padà wálé lórí ọkàn, kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí.

Ilé ọ̀hún jẹ́ yàrá kan àti pálọ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ilé ìdáná ibẹ̀ ò gba ènìyàn méjì. Bí ẹnì kan bá ń rokà, ẹnì kejì ní láti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa kí i kú iṣẹ́. Ẹ̀jẹ́ńtì tó mú un lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun, ń yin ilé náà bí ìyá ìyàwó ṣe ń yin ọmọ rẹ̀. Owó ọdún kan níbẹ̀ á san ti ibi tí Islamiat ń gbé ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ta gbáko, a ò tíì ka ti ẹ̀jẹ́ńtì, a ò tíì ka ti lọ́yà, a ò sì tíì dé orí owó ìbàjẹ́, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn kó tó ba ohunkóhun jẹ́. Islamiat bi í bóyá omi ń wá déédéé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, Èkó nìyí o." Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ tí Islamiat ń bá ṣiṣẹ́ ní Dugbe, àwọn tó ń kó oògùn fún ilé ìwòsàn, ló fẹ́ gbé e lọ sí Èkó kó lọ ṣe olórí sítọ́ọ̀ wọn níbẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Orúkọ oyè á sì wà fún iṣẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kọ sára ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń retí èsì. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń wọ̀n ọ́n: bó bá gbé owó oṣù tuntun sí apá kan, tó gbé owó ilé, owó ọkọ̀, owó omi àti ti iná sí apá kejì, ohun tó ń ṣẹ́kù kì í tó nǹkan tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ṣí kúrò nílùú. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ yìí, owó ti tán lọ́wọ́ ẹni kí ènìyàn tó mọ̀ bóyá ó dùn.

Nǹkan tó wúwo jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Ṣakí, ló lọ gbé Màmá, Àlájà Bàdírátù, wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí pé orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, kò sì fẹ́ kí wọ́n dá wà. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń mú wọn lọ sílé ìwòsàn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta! Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ló ti pinnu. Kò ní lọ. Yóò sọ fún Màmá, yóò sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Mọ́ńdè pé ìyá òun ò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Màmá wà nínú pálọ̀, wọ́n ń di dàbínù àti bisikíìtì sínú nylon kéékèèké.

"Ẹ kúulé, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ilé ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó wà lókè, Màmá. Òkè kẹta."

Màmá wo orúnkún wọn, wọ́n tún wo nylon ọwọ́ wọn. "Kò burú. Wàá bá mi lọ sí Àsàlátù láàárọ̀ ọ̀la."

Ó wu Islamiat kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó ní ilẹ̀ á mọ́, ó lọ wẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọgbà mọ́sáláṣí láàárọ̀ Sọ́ńdè, àwọn ìyá Àsàlátù, ẹgbẹ́ aládùúà wọn, ti pé sórí ẹní, hìjáàbù aláwọ̀ ewéko bo gbogbo wọn. Wọ́n ṣe wíríìdì, ìyìn Ọlọ́run tí wọ́n jọ ń kà, tán, wọ́n gbọ́ wáàsí díẹ̀, ni Àlfáà Kàmọ́rù bá ní kí Islamiat jáde síwájú. Ó wo ìyá rẹ̀. Màmá ti na nylon dàbínù sí ẹni tó jókòó tì wọ́n, wọn ò wo ojú rẹ̀.

"Ìyá wa, Àlájà Bàdírátù, gbé sàráà wá," ni Àlfáà wí. "Wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ wọn gbé e lọ sí Èkó, Ọlọ́run gbé e ga. Ẹ na ọwọ́ yín sí i."

Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó kúnlẹ̀ lọ. Ọwọ́ bo orí rẹ̀. Àlfáà ní lílọ rẹ̀ á dára, gbogbo àwọn ìyá ní àmín. Wọ́n ní ibi tó ń lọ kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní gba ẹ̀mí rẹ̀, wọ́n ní àmín. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kọ lójú títì Èkó, àmín náà mi ọgbà. Islamiat náà ní àmín. Ta ni wọ́n ń ṣàdúà fún tí yóò pa ẹnu mọ́?

Àdúà tán, ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ Èkó, títí kan àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí.

"Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́ o," ni Àlájà Mùtíátù wí, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n ìlú owó ni. Ẹni tó bá gbọ́n, ọdún márùn-ún, ó ti kọ́lé."

"Ilé wo?" ni ìyá kan dáhùn lẹ́yìn wọn. "Ọmọ tèmi ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Inú mọ́tò ló ti ń pè mí láàárọ̀, inú mọ́tò náà ló tún ti ń pè mí nírọ̀lẹ́. Mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń jẹ dàbínù wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: sàráà tí àwọn ìyá Àsàlátù ti jẹ, tí wọ́n ti ṣàmín lé lórí, kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń padà wá sọ lọ́sẹ̀ kejì pé òun ti yí ọkàn padà. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ẹni tó ń ta káàdì lẹ́nu ọ̀nà á bi í pé ìgbà wo ni ìrìn àjò. Inú ń bí Islamiat.

Ìyá àtọmọ rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà ilé kí Islamiat tó lè sọ̀rọ̀. Ìrìn Màmá kì í yá, ìyẹn sì tún fi kún ìbínú rẹ̀.

"Màmá, ta ló ní kí ẹ kéde? Mi ò tíì ní mò ń lọ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá gbé sàráà?"

"Torí pé mo mọ̀ ni mo ṣe gbé e."

"Mo ti pinnu lánàá, mà. Mi ò lọ. Ta ló máa gbé yín gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ta ló máa mú yín lọ sílé ìwòsàn? Torí yín ni mo ṣe fẹ́ dúró, ẹ wá kó mi síta báyìí."

Màmá dúró. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò tíì ṣí, wọ́n jókòó sórí rẹ̀, wọ́n gbé ọ̀pá lé itan.

"Nígbà tí Luqman ní kó o wá bá òun l'Ékòó, kí lo sọ fún un?"

Luqman ni ọkọ tí Islamiat fẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọn ò tíì bímọ nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Èkó. Màmá ló dáhùn ìbéèrè ara wọn.

"O ní ara ìyá rẹ ò yá. Ọmọ ọlọ́mọ dúró ọdún méjì gbáko. Nígbà tó fẹ́ ẹlòmíì, àwọn èèyàn ẹ̀ wá bá wa ní pálọ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n má bínú. Èmi ni wọ́n bẹ̀, Islamiat! Wọn ò bẹ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n gbà pé ó dínà ni wọ́n bẹ̀." Màmá nu ojú wọn. "Ọ̀rẹ́ ẹ ní kó o wá sí Kánádà, o ní ìyá ẹ. Wọ́n ní kó o lọ kàwé sí i, o ní ìyá ẹ. Orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Mò ń gbọ́ ẹ lórí fóònù. Ó ti rẹ èmi náà láti máa jẹ́ ìdí."

"Màmá..."

"Mo ti bá Sùlàímọ́nù àbúrò mi sọ̀rọ̀. Ó ti tún yàrá ìsàlẹ̀ ṣe. Láàárọ̀ ọ̀la ni mò ń lọ sí Ṣakí. Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ náà, kì í ṣe inú igbó la ti wá. Bó o bá fẹ́ lọ sí Èkó, lọ. Bí o ò bá fẹ́, má lọ. Ṣùgbọ́n má dárúkọ mi sí i."

Ojú ti Islamiat. Inú sì tún ń bí i, torí pé ìyá rẹ̀ ò purọ́ mọ́ ọn. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ oògùn nìkan ni wọ́n bára wọn sọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ó gbé wọn lọ sí gáréèjì ní Sángo, ó rí i pé iwájú ni wọ́n jókòó sí kí ẹsẹ̀ wọn lè nà, ó fún dírẹ́bà ní nọ́ḿbà rẹ̀, ó gba Dugbe lọ.

Nínú ọkọ̀ ló tún ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Màmá ti kúrò nínú ẹ̀, kí ló kù? Ó mú owó ilé, kò dúró bí ìdí, ènìyàn bíi tirẹ̀ ń san án. Ó mú omi, ó mú ọ̀nà jíjìn, wọn ò dúró náà. Ó wá bi ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá ní kó wá gbé Èkó lọ́fẹ̀ẹ́, nísàlẹ̀, kí omi máa ṣàn lọ́sàn-án lóru, ṣé yóò lọ? Ìdáhùn ò pẹ́ kó tó dé. Kò fẹ́ lọ. Ó fẹ́ràn sítọ́ọ̀ kékeré tó ń bójú tó, níbi tó ti mọ ibi tí gbogbo páálí wà. Ó fẹ́ràn kó ṣíwọ́ ní aago márùn-ún, kó dé ilé kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tó tún wá dùn ún jù lẹ́yìn ìyẹn ni pé kò fẹ́ bá Luqman lọ nígbà náà náà. Kò ní ìgboyà láti sọ ọ́ lójú ọkùnrin yẹn, ló bá fi orúnkún ìyá rẹ̀ dí ọ̀nà.

Ọ̀gá Májẹ́kódùnmí ti ń retí rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n.

"Mi ò ní lè lọ, sà," ni Islamiat wí.

"Màmá ni, àbí? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Màmá ni. A lè bá ọ wá ilé tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ò le."

Ẹ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ fún un. Ó kù díẹ̀ kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

"Rárá, sà. Màmá ti lọ sí Ṣakí láàárọ̀ yìí. Èmi ni mi ò fẹ́ lọ."

Ọ̀gá mú bíírò. "Kí ni kí n wá kọ sí àwọn ará Èkó?"

"Ẹ kọ ọ́ pé mi ò fẹ́, sà."

Wọ́n ní kò burú. Wọ́n ní Ọdúnayọ̀ ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọdúnayọ̀ tí Islamiat kọ́ níṣẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn! Láti oṣù tó ń bọ̀, Ọdúnayọ̀ ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ láti Èkó, nítorí abẹ́ sítọ́ọ̀ Èkó ni ti Ìbàdàn wà. Ó dùn ún, ó sì gbà á.

Àlájà Mùtíátù ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n bèèrè ọjọ́ ìrìn àjò. Ó ní òun ò lọ mọ́. Wọ́n la ẹnu. "Pẹ̀lú gbogbo àdúà yẹn?" Ó ní kí wọ́n forí ji òun, àdúà kì í ṣòfò, ó kọjá lọ wọlé. Ó gbé fóònù, ó pe Ṣakí.

"Mo ti sọ fún wọn pé mi ò lọ, Màmá."

"Kí lo ní ó fà á?"

"Mo ní èmi ni mi ò fẹ́. Mi ò dárúkọ yín."

"O ṣeun."

"Ti Luqman náà, Màmá. Èmi ni. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí ọ."

Omi bọ́ lójú Islamiat, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín ní Sátidé, mà. Kò sí Èkó mọ́."

"Rárá, Islamiat." Ohùn Màmá rọlẹ̀. "Láti ọdún kejì tí mo ti dé Ìbàdàn ni mo ti fẹ́ padà sílé. Gbogbo ará mi ló wà níbí. Mo ti di ẹrù mi tán nígbà náà kí àwọn ará ilé Luqman tó wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wa. Mo wo ojú rẹ, mo ní ta ni màá fi ọ́ tì? Mo tún ẹrù náà tú."

Islamiat jókòó sórí àga. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jọ ń gbé bẹ́ẹ̀, tí oníkálukú ń tìtorí èkejì dúró.

"Ṣé ẹ ti jẹun, mà?" ló bi wọ́n.

"Mo ti jẹun," ni Màmá wí. "Lọ wá nǹkan jẹ, ìwọ náà."